Ọmọ ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì náà yẹ kó lọ IT, kó sì gba yúnìtì fún un

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùkọ́ wọn àti àwọn òbí tó wá bá wa jókòó ní Ìlọrin. Mo ti yọ ìkíni gígùn ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, mo sì fi ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà kún un.

Bí ẹ bá gba àdúgbò Tánkẹ́ kọjá ní Ìlọrin níbí nígbà tí àwọn ọmọ yunifásítì bá ń múra ìsinmi gígùn, ẹ ó mọ ọmọ ẹnjiníà àti ọmọ sáyẹ́ǹsì láti òkèèrè. Fáìlì wà ní abíyá, lẹ́tà ilé ìwé wà nínú fáìlì, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ti ṣe IT, ìyẹn ibi iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ kọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ń di ẹrù, ó ń lọ sílé. Ẹni tó bá ń ṣe B.A. Ed. nínú wọn ṣì máa lọ TP láti fi kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, yóò mú ṣọ́ọ̀kì, yóò dúró níwájú àwọn ọmọ JSS 2, olùkọ́ rẹ̀ yóò sì wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti fún un ní máàkì. Ẹni tó ń ka B.A. lásán ńkọ́? Ọdún mẹ́rin gbáko ni yóò fi ka ewì, fònẹ́tíìkì, gírámà àti lítíréṣọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní rán an lọ sí ibi tí àwọn èèyàn ti ń fi èdè jẹun.

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Kí a rán an lọ. Kí lílọ rẹ̀ sì ní yúnìtì, ìwọ̀n tí yunifásítì fi ń ka iṣẹ́ kọ́ọ̀sì, lórí ìwé èsì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kọ́ọ̀sì yòówù ṣe ní in. Apá àkọ́kọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí yóò bá mi jà lórí rẹ̀. Apá kejì ni àwọn olùkọ́ wa yóò máa jiyàn lé lórí, torí náà ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débí. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀. Ní 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí SIWES. Àwọn iléeṣẹ́ ìgbà náà ló ń ráhùn pé ọmọ tó jáde ẹnjiníà mọ ìwé, kò mọ ẹ̀rọ; bí wọ́n bá gbà á síṣẹ́, àfi kí wọ́n tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò náà wá ń gbòòrò, ó kó sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn ẹ̀kọ́ ìṣègùn mọ́ra. Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì dúró síta. Mi ò bínú sí ITF o. Ìmọ̀ iṣẹ́ fún iléeṣẹ́ àti òwò ni wọ́n dá wọn sílẹ̀ láti bójú tó. Àwa tí a wà nínú ẹ̀ka la kò kan ilẹ̀kùn, bóyá torí a rò pé iṣẹ́ ìwé kò ní ohun tí wọ́n ń fojú rí kọ́, pé ẹni tó bá ti mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ ti mọ ọ́n ṣiṣẹ́.

Irọ́ nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó mọ aroko kọ fún olùkọ́ kò tíì mọ àkọsílẹ̀ ìpàdé kọ fún ìgbìmọ̀. Ẹni tó lè tú ewì palẹ̀ fún ojú ìwé mẹ́fà lè má mọ bí a ṣe ń kọ ìròyìn tí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ yóò kà láàárín ìṣẹ́jú kan láìkọsẹ̀. Iṣẹ́ ni, ó ní ọ̀gá, ó ní ẹ̀kọ́.

Òótọ́ kan wà tí mi ò ní fi pa mọ́: àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lọ tipẹ́, wọ́n kàn ń lọ fúnra wọn ni. Bí bàbá ẹnì kan bá mọ ẹnì kan ní ilé rédíò, ọmọ á wọlé. Bí wọn kò bá mọ ẹnikẹ́ni, ọmọ á jókòó sílé, á máa bá ìyá rẹ̀ ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó wọlé náà, orí ló ń bá a ṣe é. Ó lè bọ́ sọ́wọ́ àgbàlagbà kan tó fẹ́ràn ọmọdé, tí yóò jókòó tì í, tí yóò fi bíírò pupa kọ ọ́ bí ìròyìn ṣe ń dúró. Ó sì lè bọ́ sí ibi tí wọn yóò ti máa pè é ní "ọmọ IT", láì mọ orúkọ rẹ̀, tí yóò máa lọ ra ìrẹsì, máa lọ ṣe fọ́tókọ́pì, máa gbé fáìlì láti òkè sísàlẹ̀, títí ìsinmi yóò fi parí. Àwọn méjèèjì ni wọn yóò fún ní lẹ́tà kan náà ní ìparí: ọmọ yìí ṣe dáadáa, ó níwà, a gbàdúrà fún un.

Mo ti gba irú wọn sí ọ́fíìsì mi níbi tí a ti ń tún ìwé ṣe kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Mo rántí ọmọbìnrin kan, ọmọ Ọ̀fà. Ìròyìn ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà lórí tábìlì, mo ní kó wo ṣípẹ́lì fún mi. Ó wo ṣípẹ́lì tán, ó wá dákẹ́, ó ní, "Mà, iye tí wọ́n kọ sínú ọ̀rọ̀ alága kò bá èyí tó wà nínú tábìlì mu, orúkọ akápò sì yàtọ̀ ní ojú ìwé méjì." Èmi ti ka ìwé náà kọjá, akọ̀wé ẹgbẹ́ ti kà á. Mo bi í pé ibo ló ti kọ́ irú kíkà bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní olùkọ́ ewì àwọn ló máa ń sọ pé kí àwọn má fi ìlà kankan sílẹ̀ láì bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹ wò ó: ohun tí ẹ ń kọ́ nínú kíláàsì ní iṣẹ́ tó ń ṣe níta, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn alára kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà. Nígbà tó padà sílé ìwé, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó lọ. Ohun tó ṣe kò hàn níbì kankan nínú ìwé èsì rẹ̀. Ọmọ tó tẹ̀lé e ní ẹ̀ka náà kò gbọ́ pé ó tilẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ní ìlú yìí, a kò kúkú ṣe aláìmọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ẹ wo ẹni tó mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tàbí ahunṣọ òfì. Òbí yóò lọ, ọ̀gá yóò jókòó, wọn yóò sọ iye ọdún, wọn yóò sọ ohun tí ọmọ máa mú wá àti ohun tí ọ̀gá máa fi hàn án, wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, ẹlẹ́rìí yóò fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà kò ṣe èyí torí pé wọ́n fẹ́ràn ìwé. Wọ́n mọ̀ pé bí ọ̀gá bá sọ ọmọ di agbọ́mọpọ̀n, tí kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ìyá ọmọ lè kó gèlè rẹ̀ wé lọ́jọ́ kan, kó lọ bá a pé, "Bàbá, àdéhùn wa kọ́ nìyí." Bí ọmọ bá sì mọ iṣẹ́ tán, wọn yóò ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún un, gbogbo àdúgbò yóò mọ̀ pé ó ti di ọ̀gá.

Nínú IT tí kò ní yúnìtì, ta ni ìyá ọmọ? Ta ló lè wé gèlè lọ bá ilé rédíò? Kò sí. Ẹ̀ka kò lẹ́nu níbẹ̀, torí pé ẹ̀ka kò rán an. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ yúnìtì nìyẹn. Àwọn kan rò pé mo fẹ́ kí ọmọ rí máàkì ọ̀fẹ́ gbà. Rárá. Bí kọ́ọ̀sì bá ti ní kóòdù àti yúnìtì, ó ti ní olùkọ́ tó ni ín, tí HOD, olórí ẹ̀ka, lè bi léèrè. Olùkọ́ yẹn ni yóò pe ọ́fíìsì náà lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kẹta pé, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ọmọ wa ti kọ látìgbà tó ti dé?" Ọ̀gá ọ́fíìsì tó bá mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá bi òun léèrè kò ní máa rán ọmọ náà lọ ra ìrẹsì lójoojúmọ́.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, kò fi àyè sílẹ̀. Ó fi sílẹ̀. CCMAS, ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC gbé jáde ní ìparí 2022 tí àwọn yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2023, pín iṣẹ́ sí méjì: ìdá 70 nínú 100 ni NUC fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ fún gbogbo ilé ìwé, ìdá 30 tó kù wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá agbègbè rẹ̀ mu sí. Ìdá 30 yẹn ni ilẹ̀kùn wa. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti pọ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́ọ̀sì tó fẹ́ràn tó fẹ́ fi síbẹ̀, ẹni tó ṣe dókítà lórí eré oníṣe fẹ́ eré oníṣe sí i, ẹni tó ṣe é lórí fònọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ ètò ìró èdè, fẹ́ fònọ́lọ́jì sí i. (Ẹ̀yin ọ̀gá mi tó wà ní ìlà iwájú, ẹ má bínú, mo rí i pé ẹ ti ń wo ara yín.) Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lọ́wọ́ NUC, wákàtí 15 lẹ́kíṣọ̀ ni yúnìtì 1. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ àṣefọwọ́ṣe, wákàtí 45 ni. Ká ní a fún IT yìí ní yúnìtì 3, wákàtí 135 nìyẹn. Bí ọmọ bá ń ṣe wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 17 ló máa gbà á, kò tiẹ̀ pé oṣù kan. Bó bá sì fẹ́ ṣe é láàárín sẹ̀mẹ́sítà, wákàtí 9 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15 ni, ìyẹn ọjọ́ kan gbáko àti díẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé kò sí àyè ń fi oṣù mẹ́fà SIWES wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó bèèrè oṣù mẹ́fà. Tèmi, mo fẹ́ ọ̀sẹ̀ 15 ju ọjọ́ 17 lọ. Ìwé kì í jáde lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ fún sẹ̀mẹ́sítà kan yóò rí i nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí wọn yóò kọ, yóò rí i nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tí kò dára, yóò rí i nígbà tí ọ̀gá dá a padà, yóò sì rí i nígbà tó jáde. Ẹni tó lo ọjọ́ 17 lè bá ìdajì rẹ̀ pàdé kó sì lọ.

Kò yẹ kí ẹ rò pé ohun tuntun ni mò ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, Herman Schneider bẹ̀rẹ̀ irú ètò báyìí ní Yunifásítì Cincinnati ní 1906, fún àwọn ọmọ ẹnjiníà náà ni, bíi tiwa. Ó pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó dé. Lónìí, ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ níbẹ̀ ní kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń forúkọ sílẹ̀ fún: yóò lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, ní ilé ìròyìn, ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláàánú, yóò máa kọ ìwé ìrántí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yóò sì kọ àpilẹ̀kọ gígùn kan fún olùkọ́ rẹ̀ ní ìparí. Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè wákàtí tó súnmọ́ èyí tí a ṣírò ṣáájú.

Àmọ́ kí a má kó tiwọn wọlé pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wọn, orí yúnìtì kọ̀ọ̀kan ni owó ilé ìwé wà. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọmọ ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, ó sì tún ń sanwó fún yunifásítì kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Ọmọ olówó ló lè ṣe é. Àwọn iléeṣẹ́ kan wá rí i pé ọ̀nà ti là; wọ́n á ní, "A kò ní owó, ṣùgbọ́n ilé ìwé rẹ yóò fún ọ ní kírẹ́dìtì." Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Àwọn kan tó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún iléeṣẹ́ fíìmù pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní New York sì sọ ní 2015 pé ohun tí a ó máa wò ni pé ta ló ń jèrè jù nínú rẹ̀, ṣé ọmọ ni àbí ọ̀gá. Ní 2018, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ gba ìlànà yẹn mú. Lára ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá iṣẹ́ náà so mọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ ní tòótọ́, bóyá ó sì bá kàlẹ́ńdà ilé ìwé mu. Ìbéèrè ta-ló-ń-jèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ yá lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn.

Wàyí o, ibo la máa rán wọn lọ? Ibí ni àwọn ọmọ ti máa ń sọ̀rètí nù, torí pé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń wá sí wọn lọ́kàn. Rédíò dára. Ìlú yìí ní rédíò tó pọ̀, ìròyìn sì ń jáde níbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Yorùbá àti ní èdè àwọn ará Kwara mìíràn. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tàbí Nupe, tàbí Fúlàní, wúlò níbẹ̀ ju bó ṣe rò lọ, torí pé ẹni tí yóò túmọ̀ ìròyìn láàárín wákàtí kan láì ba ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣọ̀wọ́n. Ìwé ìròyìn Herald ti wà ní Ìlọrin láti àwọn ọdún 1970, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́. Gbogbo wa mọ ìwọ̀nyẹn.

Ẹ gba ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́ pẹ̀lú mi. ARMTI wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ ìṣàkóso iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìgbèríko. Ní Ìdọ́fìàn, NCAM wà níbẹ̀, ibi tí àwọn ẹnjiníà ti ń ṣe ẹ̀rọ oko. Kí ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń wá láàárín ẹ̀rọ ìpàgbàdo? Ẹ ronú. Ẹnjiníà ṣe ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá. Ta ni yóò kọ ìwé kékeré tó ń tẹ̀lé ẹ̀rọ náà, tí obìnrin kan tó ní ilé ìṣe gàrí ní Ìdọ́fìàn lè kà, tàbí tí ọmọ rẹ̀ lè kà fún un, kó mọ ibi tí kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́? Bí ẹnjiníà bá kọ ọ́ fúnra rẹ̀, gbólóhùn kan yóò gùn tó ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ó mọ ẹ̀rọ ju ẹni gbogbo lọ, ìdí gan-an tí kò fi rántí ohun tí aláìmọ̀ kò mọ̀ nìyẹn. Kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì jókòó tì í, kó máa bi í léèrè bí ẹni tí kò gbọ́n, kó kọ ọ́, kó mú un lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn, kó wò ó bó ṣe ń lò ó, kó padà wá tún un kọ. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́ yín, ọmọ tó bá ṣe èyí kan ṣoṣo ní gbogbo wákàtí 135 rẹ̀ yóò gba A lọ́wọ́ mi.

Bákan náà ni ilé ìwòsàn. UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, wà ní Òkè-Oyì, àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké sì kún gbogbo ìpínlẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń fún aláìsàn, àkọlé ara ògiri, àlàyé bí a ṣe ń lo oògùn: iṣẹ́ èdè ni gbogbo rẹ̀, dókítà ni yóò sọ ohun tó tọ́, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sọ ọ́ kó yé èèyàn. Mi ò ní kí ọmọ fọwọ́ kan fáìlì aláìsàn o. Kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn.

Bí a bá sì lọ sí ìhà gúúsù, Èsìẹ́ wà. Láti 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà níbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tòun ti àwọn ère òkúta tí kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ fẹ́ ka nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère. Ó fẹ́ gbọ́ ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ, ó sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ, kí wọ́n má lọ́ méjèèjì pọ̀. Láti kọ ìyẹn ní ọgọ́rin ọ̀rọ̀, kó péye, kó má bú ẹnikẹ́ni, ó le ju aroko ojú ìwé mẹ́wàá lọ. Ọmọ Òmù-Àrán tàbí ọmọ Òrò tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì lè ti ilé lọ síbẹ̀, kó padà wá sùn sílé ìyá rẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé, ọ́fíìsì lọ́yà, ilé ìwé tó fẹ́ ṣe ìwé ìrántí àádọ́ta ọdún rẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó fẹ́ kọ ìtàn ìlú wọn, wọ́n pọ̀. Mi ò ní ka gbogbo wọn. Ohun tí mo máa sọ fún ẹ̀ka ni pé kí wọ́n má rán ọmọ mẹ́wàá lọ síbì kan náà. Ọ́fíìsì tó ní ọmọ IT mẹ́wàá kò ní ọ̀kankan.

Ọ̀rọ̀ máàkì wá kù. Àwọn tó ti ka ìjábọ̀ SIWES rí mọ bó ṣe máa ń rí. Orí kìíní, ìtàn iléeṣẹ́. Orí kejì, àwọn ẹ̀ka tó wà nínú iléeṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán ẹni tó ga ju ẹni. Ọmọ tọdún yìí gbà á lọ́wọ́ ọmọ ọdún tó kọjá, òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá ka mẹ́ta ẹ ti ka gbogbo wọn. Ní ojú ìwé tó kẹ́yìn ni ọmọ yóò wá sọ pé òun kọ́ ohun púpọ̀, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti alábòójútó. Kí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, àwa tí ìwé jẹ́ iṣẹ́ wa. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ mú wá ni iṣẹ́ gan-an: ohun tí wọ́n gbé fún un bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ohun tó sọ ọ́ dà, àti ìdí tó fi yí ohun tó yí padà. Kó jókòó níwájú olùkọ́ méjì, kí wọ́n fi ìka lé gbólóhùn kan, kí wọ́n bi í pé, "Kí ló dé tí o fi gé èyí?" Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà yóò dáhùn láì wojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní kí ẹ̀rọ orí fóònù bá òun kọ ọ́ yóò máa wo òkè àjà. Bí ọ̀gá ọ́fíìsì bá fẹ́ fún un ní máàkì, kó fún un fún àsìkò àti ìwà. Máàkì iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni kó wà. Mo ti rí ọ̀gá tó fún gbogbo ọmọ ní 95 torí pé ó fẹ́ kí wọ́n tètè máa lọ.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò lè fò. Àwọn ọmọbìnrin. Ẹ̀ka tó bá rán ọmọ lọ síta ti gba ẹrù rẹ̀ rù. Kí olùkọ́ kan lọ wo ibẹ̀ kí ọmọ tó lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọmọ kì í dúró lẹ́yìn tí ọ́fíìsì bá ti palẹ̀. Kí ọmọ ní nọ́ńbà obìnrin olùkọ́ kan tó lè pè, tí yóò gbé fóònù, tí kò ní sọ fún un pé kó fara dà á kí ọ́fíìsì má baà bínú. Bí ọmọ bá ní òun ò lọ síbẹ̀ mọ́, kí ẹ̀ka wá ibòmíràn fún un, kí wákàtí tó ti ṣe má sì ṣòfò. Bí ẹ̀ka kò bá lè ṣe ìwọ̀nyí, kó fi yúnìtì rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Ibi tí mo parí ọ̀rọ̀ mi sí nìyẹn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Bàbá kan dìde. Ó ní ọmọ òun ń kàwé ní yunifásítì tó wà ní Màlétè, owó mọ́tò tó ń ná báyìí ti ń ga òun lára, ta ni yóò wá san ti IT? Mo ní, bàbá, ìbéèrè yín ṣe kókó ju ọ̀rọ̀ mi lọ. Kí a má gbójú lé owó ìjọba. Àwọn ọmọ SIWES tó ń gba díẹ̀ mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dé. Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ̀ka kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọ́fíìsì tó bá gba ọmọ yóò san owó mọ́tò rẹ̀, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ yóò gbà, torí pé iye yẹn kò tó ohun tí wọ́n ń san fún ẹni tí yóò tún ìwé wọn ṣe. Èyí tí kò bá gbà, kó jẹ́ ọmọ tí ilé rẹ̀ wà nítòsí ni a ó rán lọ síbẹ̀. Mo tún sọ fún un pé kí a má fi tipátipá mú ọmọ tí kò lè lọ. Kí kọ́ọ̀sì mìíràn wà tó lè fi dípò rẹ̀, kó má baà di pé ẹni tí kò lówó mọ́tò kò ní jáde. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun yóò rí i kí òun tó gbà gbọ́. Kò jẹ̀bi.

Ọmọbìnrin kan ní 200 level ló béèrè èkejì. Ó ní ẹ̀ka àwọn kò tíì ní irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, ìsinmi sì ti dé tán, kí ni kí òun ṣe? Mo ní kó lọ. Kó wá ọ́fíìsì kan fúnra rẹ̀, kó kọ àdéhùn ojú ìwé kan: ohun tó fẹ́ kọ́, ohun tí yóò ṣe fún wọn, ọjọ́ àti wákàtí tí yóò máa wá. Kí ọ̀gá ibẹ̀ fọwọ́ sí i, kó sì wá olùkọ́ kan ní ẹ̀ka tí yóò fọwọ́ sí i pẹ̀lú, kódà bí kò bá ní yúnìtì. Kó gba ìyọ̀ǹda kó tó tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ èyíkéyìí, kó má sì mú ìwé àṣírí wọn jáde. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ èyí tí mo rò pé yóò ràn án lọ́wọ́ jù: iṣẹ́ àṣekágbá ọdún tó kẹ́yìn ti ní yúnìtì tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì sí òfin tó ní orí ìwé ìtàn àròsọ nìkan la ti lè ṣe é. Bó bá ṣiṣẹ́ ní ilé rédíò lọ́dún yìí, ó lè ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá níbẹ̀. Yúnìtì yóò gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé kí ìgbìmọ̀ tó parí ìpàdé wọn.

Ó bi mí pé olùkọ́ wo ni yóò fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí n tó dáhùn, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó ní ìlà iwájú, onífònọ́lọ́jì ni, na ọwọ́ sókè, ó ní kó mú un wá sí ọ́fíìsì òun lọ́jọ́ Ajé, kí ó má kọjá aago mẹ́wàá, torí òun ní kíláàsì.